Dídí ihò ara ògiri ìta àti síso nǹkan mọ́ ọn

Ìbéèrè: "Sìmẹ́ńtì ni wọ́n fi rẹ́ ògiri ìta ilé mi, wọ́n sì kùn ún lọ́dà. Nígbà tí wọ́n yọ àwo sátẹ́láìtì tó wà lára rẹ̀, ihò físà (ike kékeré tí síkúrúù máa ń wọ̀ nínú ògiri) mẹ́jọ ló kù síbẹ̀, pílásítà ibì kan tó fẹ̀ tó ojú ìwé ìròyìn sì bó dànù. Mo po sìmẹ́ńtì, mo fi dí gbogbo rẹ̀, àmọ́ kò ju oṣù méjì lọ tó fi sán tó sì ń já bọ́. Mo tún fẹ́ so iná ìta kan àti ẹ̀rọ amúlétutù tó wúwo tó kílò 35 mọ́ ògiri kan náà. Kí ni kí n ṣe kí ohun tí mo bá dí má bó mọ́, kí ohun tí mo bá sì so má já?"

Ìdáhùn: Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ìdí tí àtúnṣe àkọ́kọ́ fi bó. Nǹkan mẹ́ta ló sábà máa ń fà á, wọ́n sì máa ń ṣẹlẹ̀ pọ̀. Èkíní, sìmẹ́ńtì pọ̀ jù nínú àpòpọ̀ náà. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé bí sìmẹ́ńtì bá ṣe pọ̀ tó ni iṣẹ́ yóò ṣe lágbára tó, ṣùgbọ́n àpòpọ̀ tí sìmẹ́ńtì rẹ̀ pọ̀ máa ń súnkì gan-an bó ṣe ń gbẹ, ó sì máa ń le ju pílásítà àtijọ́ tó yí i ká lọ. Yóò fa ara rẹ̀ kúrò létí ihò, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ yóò yọ yí i po, omi òjò yóò sì gba ibẹ̀ wọlé. Èkejì, ògiri tó ti gbẹ láti ọjọ́ pípẹ́ máa ń mu omi. Bí ẹ bá lẹ àpòpọ̀ tútù mọ́ ọn láìkọ́kọ́ fi omi rin ín, yóò fa omi inú àpòpọ̀ náà mu. Kì í ṣe gbígbẹ ló ń mú kí sìmẹ́ńtì le. Omi ló ń bá ṣiṣẹ́ tó fi ń le. Bí omi bá tán kí iṣẹ́ yẹn tó parí, ohun tó kù á kàn máa ṣẹ́ bí ẹ bá fi èékánná ha á. Ẹ̀kẹta ni eruku. Ara eruku ni sìmẹ́ńtì lẹ̀ mọ́, kò lẹ̀ mọ́ ògiri, eruku kò sì di nǹkan kan mú.

Ohun kan ṣoṣo tó yẹ kó wà lọ́kàn yín nínú iṣẹ́ méjèèjì, dídí ihò àti síso nǹkan, ni pé pílásítà dà bí aṣọ lára ògiri. Ó ń bò ó, ó ń lé omi kúrò lára rẹ̀, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló ń gbé ẹrù. Lára ògiri búlọ́ọ̀kù tàbí bíríkì, kì í sábà nípọn ju mìlímítà 12 sí 20 lọ. Ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ló máa sọ irú físà tí ẹ máa lò, bí síkúrúù ṣe máa gùn tó, àti bí ẹ ṣe máa lu ihò náà. Ìdí nìyí tí ẹ kò fi gbọdọ̀ ra ohunkóhun kí ẹ tó mọ ohun tó wà lẹ́yìn pílásítà.

Ẹ fi ẹ̀yìn òòlù kan ògiri náà jẹ́jẹ́ ní ibi púpọ̀. Bí ó bá dún kọ́kọ́, tó ṣù, tí ọwọ́ yín sì ń ta padà, búlọ́ọ̀kù, bíríkì tàbí kọnkéré ló wà lẹ́yìn. Bí ó bá ń dún bíi pé inú rẹ̀ ṣófo níbi gbogbo, àfi láwọn ìlà tó dúró tààrà láti òkè dé ìsàlẹ̀, tí àlàfo wọn jẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 40 tàbí 60, férémù pákó ni. Irú ògiri bẹ́ẹ̀ ní pátákó lórí òpó, bébà tí ń dá omi dúró lórí pátákó, àwọ̀n irin lórí bébà, kí pílásítà tó wá lórí àwọ̀n náà ní ìpele mẹ́ta, tí àpapọ̀ wọn sì jẹ́ nǹkan bíi mìlímítà 22. Irú kẹta ni èyí tí wọ́n fi fóòmù bo ògiri, tí wọ́n sì fa pílásítà tínrín sórí rẹ̀. Bí ẹ bá fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, ó lè tẹ̀ díẹ̀, ohùn rẹ̀ sì fẹ́lẹ́.

Bí ó bá ṣì rú yín lójú, ẹ lo ihò físà tó ti wà níbẹ̀. Ẹ ki díríìlì tí irin rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 5 bọ inú rẹ̀, kí ẹ sì wo ohun tó ń jáde. Ìyẹ̀fun pupa jẹ́ bíríkì, ìyẹ̀fun eérú jẹ́ búlọ́ọ̀kù tàbí kọnkéré, ìfọ́ pákó jẹ́ pákó, hóró funfun tó ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́ sì jẹ́ fóòmù. Bí irin bá wọlé tó bíi mìlímítà 30 sí 50, tó sì já sínú àlàfo lójijì, búlọ́ọ̀kù oníhò nìyẹn, ó sì ṣe pàtàkì gan-an fún ẹ̀rọ amúlétutù yín. Ẹ wọ ìbòmú tó ń sẹ́ eruku dáadáa àti awò tó ń dáàbò bo ojú, nítorí eruku sìmẹ́ńtì àti yanrìn ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Bí ilé bá ti pẹ́, tí ara ògiri rẹ̀ sì ní bátànì tó nípọn, kí ẹ tó ha á tàbí kí ẹ tó fi sáńpépà rìn ín, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò bóyá asbestos, ohun ìkọ́lé àtijọ́ tí eruku rẹ̀ léwu fún ẹ̀dọ̀fóró, wà nínú rẹ̀.

Kí ẹ tó dí ohunkóhun

Ibi tí pílásítà ti bó kì í sábà tó bó ti rí lójú. Ẹ fi òòlù kékeré kan ẹ̀bá rẹ̀ yípo, kí ẹ sì fi pẹ́ńsù yí gbogbo ibi tó bá ń dún bòm̀bòm̀ ká. Gbogbo ibi tí ohùn rẹ̀ ṣófo ti ya kúrò lára ògiri, bó tilẹ̀ ṣì dúró síbẹ̀. Bí ẹ bá lẹ àtúnṣe tuntun mọ́ ọn, méjèèjì ni yóò jọ já bọ́. Ẹ gbẹ́ gbogbo rẹ̀ kúrò títí dé ibi tó dún le. Bí ó bá wá jẹ́ pé bí ẹ ti ń lọ náà ni ibi tó ṣófo ń pọ̀ sí i, tó ti tó ìdá mẹ́ta ògiri náà, ìmọ̀ràn wa ni pé kí ẹ má lẹ̀ ẹ́ mọ́: ẹ jẹ́ kí bíríkìlà tún gbogbo ògiri náà rẹ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá ibi tí omi ti ń wọlé. Gọ́tà tó ń jò, páìpù tó ń sun lábẹ́lẹ̀, ilẹ̀ tí wọ́n kó jọ ti ẹsẹ̀ ògiri, ojú fèrèsé tí òkè rẹ̀ ti lanu: bí ọ̀kan nínú wọn bá ń rin ògiri láti ẹ̀yìn, kò sí àtúnṣe tó máa dúró. Ìyẹ̀fun funfun tó ń hù lára ògiri jẹ́ iyọ̀ tí omi ń gbé jáde láti inú. Búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ ni kí ẹ fi gbọ̀n ọ́n, kí ẹ sì gbá a kúrò nílẹ̀. Bí ẹ bá fi omi fọ̀ ọ́, iyọ̀ náà máa yọ́ padà wọlé.

Ẹ wo ìlà tó sán náà dáadáa. Èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun, tí kò lọ síbì kan pàtó, kò léwu. Ọ̀dà tó ń nà máa bò ó. Ṣùgbọ́n ìlà tó dagun láti igun fèrèsé tàbí ilẹ̀kùn, tí ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ yọ síta ju èkejì lọ, tàbí tó ń fẹ̀ sí i, ara ilé fúnra rẹ̀ ló ti wá, kì í ṣe pílásítà. Ẹ fi pẹ́ńsù fa ìlà kéékèèké méjì dábùú rẹ̀ ní òpin méjèèjì, ẹ kọ déètì síbẹ̀, kí ẹ sì tún wò ó lẹ́yìn oṣù méjì tàbí mẹ́ta. Bí ó bá ti gùn kọjá ìlà yín, ẹ pe onímọ̀ nípa ìdúró ilé kí ẹ tó fọwọ́ kan pílásítà.

Àwọn ihò físà mẹ́jọ

Ẹ yọ físà àtijọ́ kúrò. Ẹ yí síkúrúù wọ inú rẹ̀ ní ìyípo mẹ́ta tàbí mẹ́rin péré, kí ẹ fi ẹ̀mú di orí síkúrúù náà mú, kí ẹ sì fà á tààrà. Bí ó bá kọ̀ tí kò jáde, ẹ má ṣe máa mì í sọ́tùn-ún sósì, nítorí etí ihò á fọ́ tó àwo. Ẹ gé etí físà náà kúrò, kí ẹ sì fi ìṣó tó nípọn tì í wọlé tó mìlímítà 10, kí ẹ wá dí i mọ́ inú.

Ẹ fẹ́ eruku jáde, ẹ ki búrọ́ọ̀ṣì kékeré bọ ọ́, ẹ tún fẹ́ ẹ. Ẹ wọ́n omi díẹ̀ sínú rẹ̀. Fún ihò tí kò ju mìlímítà 10 lọ, ohun ìdíhò tí wọ́n po tán, tí wọ́n kọ sára rẹ̀ pé ó wà fún ìta, tó. Ẹ lè fúnra yín po ọ pẹ̀lú: ìwọ̀n sìmẹ́ńtì kan sí yanrìn tó kúnná ìwọ̀n mẹ́ta. Ẹ fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ̀ ẹ́ láti ìdí ihò wá síta. Ẹni tó bá kàn ń nu ún lé ojú ihò yóò há afẹ́fẹ́ mọ́ inú rẹ̀, ojú ihò yóò sì jìn wọlé bó bá gbẹ. Ẹ fi ojú rẹ̀ sílẹ̀ ní mìlímítà 2 sí ìsàlẹ̀ ojú ògiri, kí ẹ padà wá kún un ní ọjọ́ kejì.

Bí ògiri yín bá jẹ́ férémù pákó, ọ̀nà míì ni ẹ máa gbà. Ẹ lo sílántì (gọ́ọ̀mù ìdíhò) tó ń rọ̀ láti dí ihò síkúrúù dé ìdí, nítorí bébà tí ń dá omi dúró wà lẹ́yìn pílásítà, ihò ti wà lára òun náà, sìmẹ́ńtì kò sì lè lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ mú èyí tí wọ́n fi polyurethane ṣe, tàbí irú míì tó ń gba ọ̀dà. Sílíkọ́ọ̀nù kì í gba ọ̀dà. Bí ẹ bá kùn ún, ojú rẹ̀ á máa dán bí ojú ẹja lára ògiri títí láé. Kí sílántì tó gbẹ, ẹ fi ìka tẹ yanrìn gbígbẹ díẹ̀ sójú rẹ̀, kó lè jọ ara ògiri tó kù.

Ibi ńlá tó bó

Ẹ fi ṣísẹ́ẹ̀lì gé etí rẹ̀ kó gún, kó sì dúró gbọnrangandan. Bí ẹ bá lè gé e kí inú fẹ̀ ju ojú lọ díẹ̀, ó tún dára jù, torí àtúnṣe máa há síbẹ̀. Etí tó tínrín lọ díẹ̀díẹ̀ bí ojú ọ̀bẹ ni ẹ kò gbọdọ̀ fi sílẹ̀: ibi tó tínrín yẹn ló máa kọ́kọ́ gbẹ, òun náà ló sì máa kọ́kọ́ ṣí. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha inú rẹ̀, kí ẹ sì gbá eruku kúrò. Bí ara búlọ́ọ̀kù bá dán, ẹ fi ṣísẹ́ẹ̀lì sá a káàkiri kí sìmẹ́ńtì lè rí ibi dì mú.

Bí àwọ̀n irin bá yọ nínú ihò, tó sì ti dípẹtà débi pé ó ń ṣẹ́, ẹ gé e kúrò. Ẹ fi tuntun rọ́pò rẹ̀, kí tuntun gun orí àtijọ́ tó sẹ̀ǹtímítà 5 yípo, kí ẹ sì fi wáyà dè wọ́n pọ̀. Bí bébà ẹ̀yìn rẹ̀ bá ti ya, ẹ ti orí bébà tuntun bọ abẹ́ bébà tó wà lókè rẹ̀, kí ìdí rẹ̀ sì wá sórí èyí tó wà nísàlẹ̀. Bí ẹ bá ṣe é lódì sí èyí, ńṣe lẹ máa darí omi gba inú ilé.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ohun tí ẹ máa pò. Bí ihò náà bá fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 30, tó ga ní 40, tó sì jìn ní 2, lítà 2.4 ni inú rẹ̀. Sìmẹ́ńtì àti yanrìn gbígbẹ máa ń dín kù bí omi bá kàn wọ́n, díẹ̀ á sì dànù. Nítorí náà sìmẹ́ńtì lítà 0.6 àti yanrìn lítà 3 ló máa tó, ìyẹn ìwọ̀n 1 sí 5. Bí ẹ bá rí láìmù ìkọ́lé, ìwọ̀n sìmẹ́ńtì 1, láìmù ìdajì, yanrìn 4½ dára jù fún ìpele àkọ́kọ́, torí láìmù ń jẹ́ kí àpòpọ̀ rọ̀ lábẹ́ ọwọ́ tí kì í sì í tètè sán. Fún ìpele òkè, ẹ lo 1, 1 àti 6. Ìpele òkè kò gbọdọ̀ le ju èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀ lọ láé. Bí ilé bá sì ti dàgbà débi pé láìmù nìkan ni wọ́n fi rẹ́ ẹ, láìmù náà ni kí ẹ fi tún un ṣe: sìmẹ́ńtì máa há omi mọ́ irú ògiri bẹ́ẹ̀, pílásítà tó yí i ká á sì bẹ̀rẹ̀ sí í bó.

Yanrìn gbọ́dọ̀ mọ́. Ẹ bu u sínú ìgò tí a lè rí inú rẹ̀, ẹ da omi lé e, ẹ mì í dáadáa, kí ẹ sì gbé e kalẹ̀ fún wákàtí mélòó kan. Bí yanrìn bá ga ní sẹ̀ǹtímítà 15, tí amọ̀ tó sùn lé e lórí sì ju sẹ̀ǹtímítà 1 lọ, ẹ wá yanrìn míì tàbí kí ẹ fọ èyí tó wà. Ẹ má lo yanrìn òkun, iyọ̀ inú rẹ̀ máa padà wá yọ sójú ògiri. Ẹ po yanrìn àti sìmẹ́ńtì pọ̀ ní gbígbẹ títí àwọ̀ wọn yóò fi jẹ́ ọ̀kan, kí ẹ tó máa da omi sí i díẹ̀díẹ̀. Bí yanrìn bá ti tutù, omi tó máa gbà á dín kù. Ẹ di ẹ̀kúnwọ́ kan nínú rẹ̀: bí ó bá dúró bí ẹ ṣe dì í, tí omi kò sì ro láàárín ìka yín, ó ti tó. Ẹ pín in sí méjì, ìpele kan fún ọjọ́ kan. Èyí tí ẹ bá ti pò, ẹ lò ó tán láàárín wákàtí kan àtààbọ̀. Bó bá ti ń dì, ẹ má ṣe da omi sí i kó lè rọ̀ padà.

Ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ẹ fi omi rin ihò náà dáadáa, kí ẹ tún fi búrọ́ọ̀ṣì wọ́n ọn kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Kí ara rẹ̀ tutù, ṣùgbọ́n kí omi má máa dán lójú rẹ̀. Ẹ lè po omi SBR (omi ìlẹ̀mọ́ funfun tí wọ́n ń pò mọ́ sìmẹ́ńtì) mọ́ sìmẹ́ńtì kó ki bíi ọ̀dà, kí ẹ kùn ún sára ihò kó lè lẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ ṣì máa lẹ̀ mọ́ ọwọ́ nígbà tí ẹ máa gbé àpòpọ̀ lé e. Bó bá gbẹ kí ẹ tó dé, ńṣe ló máa ya àpòpọ̀ kúrò lára ògiri. Gọ́ọ̀mù funfun PVA tí àwọn káfíńtà ń lò kò wúlò níta, ó máa ń rọ̀ padà bí omi bá ti kàn án.

Ẹ fi tírówẹ̀lì tẹ ìpele àkọ́kọ́ mọ́ ògiri pẹ̀lú agbára, láti etí wá sí àárín. Kó má nípọn ju mìlímítà 12 lọ: èyí tó bá nípọn ju bẹ́ẹ̀ lọ máa ń sọ̀ kalẹ̀ nítorí ìwúwo ara rẹ̀, ẹ ó sì rí i tí ikùn yọ sí i nísàlẹ̀, tí ẹ̀gbẹ́ òkè sì ya. Bí ihò bá jìn gan-an, tí búlọ́ọ̀kù pàápàá ti fọ́, ẹ kó èéfọ́ búlọ́ọ̀kù tó ti rin mọ́ àpòpọ̀ sínú rẹ̀, kí ìyẹn le kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ pílásítà. Bí ìpele náà bá ti ń le díẹ̀, ẹ fi ìṣó ha ojú rẹ̀ kó rí gbágungbàgun. Ọjọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta ni ẹ tó fi ìpele kejì lé e, lẹ́yìn tí ẹ bá ti tún wọ́n omi sí i.

Ẹ jẹ́ kí ìpele kejì yọ síta díẹ̀ ju ojú ògiri lọ. Ẹ wá fi pátákó tó gún régé, tó gùn ju ihò náà lọ, lé orí pílásítà àtijọ́ lápá méjèèjì, kí ẹ sì máa mì í sọ́tùn-ún sósì bí ẹ ṣe ń fà á láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Lẹ́yìn náà, ẹ dúró. Àìnísùúrù níbí ló ń ba iṣẹ́ tó dára jẹ́: bí ẹ bá ń dán an nígbà tó ṣì tutù, omi àti sìmẹ́ńtì ló máa wá sójú, ojú náà yóò sì sán. Ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́. Bí kò bá fi ojú ìka sílẹ̀ mọ́, ẹ fi fúlótù onípákó yí i rọ́bótó-rọ́bótó. Bí ara ògiri yín bá ní hóró, kàn-ìn-kàn-ìn tó rin díẹ̀ ló máa mú hóró jáde. Bí ó bá jẹ́ irú tí wọ́n fọ́n mọ́ ara ògiri, ẹ po ìpele òkè kó ṣàn díẹ̀, ẹ ti búrọ́ọ̀ṣì líle bọ̀ ọ́, kí ẹ sì lu ọwọ́ búrọ́ọ̀ṣì náà mọ́ igi kan kó lè ta sí ara ògiri. Ẹ kọ́kọ́ dán an wò lára pátákó tí ẹ fẹ́ sọ nù, torí bátànì ló ṣòro jù lọ nínú iṣẹ́ yìí, ojú gbogbo ẹni tó ń kọjá sì ni yóò máa lọ síbẹ̀.

Ẹ má ṣe é nínú oòrùn tó ń ta, tàbí nígbà tí òtútù bá sọ̀ kalẹ̀ sí dígírì 5. Ẹ fi àpò ìdọ̀họ tó rin tàbí ọ̀rá bo iṣẹ́ náà, kí ẹ sì máa wọ́n omi sí i lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta ó kéré tán. Ohun tí ẹ kò ṣe nígbà àkọ́kọ́ lè jẹ́ èyí gan-an.

Ọ̀dà kò gbọdọ̀ kàn án fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Sìmẹ́ńtì tuntun ń jó ọ̀dà, àwọ̀ rẹ̀ á ṣá, á sì máa bó. Bí ẹ kò bá lè dúró, práímà (ọ̀dà àkọ́kùn) tó ń kojú sìmẹ́ńtì tuntun wà. Ẹ kun ògiri náà láti igun dé igun, nítorí ọ̀dà tuntun lórí àtúnṣe nìkan máa ń hàn bí oòrùn bá ti wò ó láti ẹ̀gbẹ́.

Síso iná àti ẹ̀rọ amúlétutù

Ẹ má lu ihò tuntun sínú àtúnṣe (àfi ti ẹsẹ̀ apá irin tí a máa sọ nísàlẹ̀), ẹ má sì sún mọ́ ihò àtijọ́ ju sẹ̀ǹtímítà 5 lọ. Ẹ jìnnà sí igun ògiri àti etí fèrèsé ní sẹ̀ǹtímítà 10 ó kéré tán, torí físà tó ń fẹ̀ máa ń la etí búlọ́ọ̀kù. Wáyà iná sábà máa ń gba òkè, ìsàlẹ̀ tàbí ẹ̀gbẹ́ ibi tí súìṣì àti sọ́kẹ́ẹ̀tì wà lọ tààrà, nítorí náà ẹ wo ẹ̀yìn ògiri nínú ilé kí ẹ tó lu ohunkóhun.

Bí ẹ ṣe máa mọ gígùn síkúrúù nìyí: ẹ ro nínípọn ohun tí ẹ fẹ́ so, nínípọn pílásítà, gígùn físà, àti ìwọ̀n kan tó bá fífẹ̀ síkúrúù dọ́gba pọ̀. Fún iná yín, bí ìdí rẹ̀ bá nípọn ní mìlímítà 5, tí pílásítà jẹ́ 20, tí físà sì jẹ́ 40, síkúrúù mìlímítà 5 tó gùn ní 70 ni ẹ máa lò. Físà náà gbọ́dọ̀ kọjá pílásítà pátápátá wọ inú búlọ́ọ̀kù. Físà tó fẹ̀ sínú pílásítà nìkan máa ń tú u kúrò lára ògiri, ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwo sátẹ́láìtì yín sì lè jẹ́ èyí. Físà onínáílọ́ọ̀nù, irú èyí tí Artur Fischer ará Jámánì gbé jáde ní 1958, ṣì tó fún ẹrù kékeré: ihò mìlímítà 6 fún síkúrúù 3.5 sí 5, ihò 8 fún 4.5 sí 6, ihò 10 fún 6 sí 8.

Ẹ lẹ téèpù mọ́ ojú ibi tí ẹ fẹ́ lu kí irin má yọ̀. Ẹ lu pílásítà láìtan òòlù díríìlì. Òòlù ló ń ya pílásítà ní ẹ̀yìn láìjẹ́ pé ẹ rí i. Bí irin bá dé inú búlọ́ọ̀kù líle tàbí kọnkéré, ẹ wá tan òòlù. Bí ó bá jẹ́ búlọ́ọ̀kù oníhò, ẹ má tàn án rárá. Kí ihò jìn kọjá ibi tí ìdí físà máa dé ní mìlímítà 10, kí eruku lè rí ibi kó sí. Bí irin bá kọ̀ tí kò lọ mọ́, tí ìfọ́ tó ń dán sì ń jáde, ẹ ti bá irin inú kọnkéré pàdé. Ẹ dí ihò náà, kí ẹ sún síbòmíì.

Ẹ fún sílántì sínú ihò kí síkúrúù tó wọlé. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti so iná náà, ẹ fa sílántì yí òkè àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì ká, ṣùgbọ́n ẹ fi ìsàlẹ̀ sílẹ̀. Omi tó bá wọ ẹ̀yìn rẹ̀ gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà jáde. Bẹ́ẹ̀ náà ni fún irin ẹlẹ́nu tó wà ní ẹsẹ̀ ògiri férémù pákó: ọ̀nà tí omi ń gbà jáde ni, ẹ má dí i. Wáyà tó ń wọlé gbọ́dọ̀ tẹ̀ sísàlẹ̀ díẹ̀ kó tó wọ ihò, kí omi lè kán níbẹ̀. Iṣẹ́ wáyà fúnra rẹ̀, oníná tó mọṣẹ́ ni kó ṣe é.

Nípa ẹ̀rọ amúlétutù, ìwúwo nìkan kọ́ ló yẹ kí ẹ wò. Bó ṣe yọ síta tó ló ń fa bóòtù òkè kúrò lára ògiri. Ẹ fi ìwúwo sọ ìlọ́po jíjìnnà rẹ̀ sí ògiri, kí ẹ pín in sí àlàfo tó wà láàárín bóòtù òkè àti ti ìsàlẹ̀. Kílò 35 tí àárín rẹ̀ jìnnà sí ògiri ní sẹ̀ǹtímítà 30, tí àlàfo bóòtù sì jẹ́ 35, ń fa kílò 30 lórí bóòtù òkè méjèèjì, ìyẹn 15 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ wá fi wé pátákó ìpolówó kílò 20 tí apá rẹ̀ yọ síta ní sẹ̀ǹtímítà 60, tí bóòtù rẹ̀ jìnnà síra ní 15 péré: kílò 80 ló ń fà. Torí náà, ẹ mú apá irin tí ẹ̀yìn rẹ̀ gùn sísàlẹ̀.

Lára kọnkéré tàbí bíríkì tí kò ní ihò, bóòtù mìlímítà 10 tó ń fẹ̀ dára, ẹ sì lu u sí àárín bíríkì, kì í ṣe ojú sìmẹ́ńtì tó so wọ́n pọ̀. Lára búlọ́ọ̀kù oníhò, irú bóòtù bẹ́ẹ̀ yóò fọ́ ògiri tínrín inú rẹ̀. Ẹ lo ọ̀pá irin tí ara rẹ̀ rí bí ti síkúrúù, tí wọ́n ń fi gọ́ọ̀mù oníhà méjì tí wọ́n ń pò pọ̀ lẹ̀, pẹ̀lú àpò oníhò tó ń dá gọ́ọ̀mù náà dúró nínú àlàfo. Ẹ fọ ihò mọ́: ẹ fẹ́ ẹ, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ha á, ẹ tún fẹ́ ẹ, nítorí eruku ń já gọ́ọ̀mù yìí jù ohunkóhun lọ. Ẹ dúró di àkókò tí wọ́n kọ sára rẹ̀ kí ẹ tó gbé ẹrù lé e. Lára férémù pákó, síkúrúù náà gbọ́dọ̀ wọ òpó pákó ní mìlímítà 40 ó kéré tán. Pátákó tó wà láàárín òpó kò lè gbé e. Lára fóòmù, ẹ lo páìpù irin kékeré tó gùn bí fóòmù àti pílásítà ṣe nípọn, kí bóòtù gba inú rẹ̀ dé ògiri, kí ẹ má bàa fún fóòmù pa.

Bí pílásítà bá ṣófo níbi tí ẹsẹ̀ apá irin máa jókòó, ẹ gé e kúrò, kí ẹ fi àpòpọ̀ 1 sí 3 kún un, kí ó le fún ọ̀sẹ̀ kan ó kéré tán kí ẹ tó dè é. Gbogbo bóòtù àti síkúrúù ìta gbọ́dọ̀ jẹ́ irin tí kì í dípẹtà. Nítòsí òkun, ẹ béèrè irú 316, nítorí iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ ń jẹ irú 304. Irin tó bá dípẹtà máa ń wú, wíwú rẹ̀ ló sì ń fọ́ pílásítà láti inú.

Ihò tí páìpù ẹ̀rọ náà máa gbà wọlé gbọ́dọ̀ dagun sísàlẹ̀ síta, kí òpin ìta rẹ̀ fi nǹkan bíi mìlímítà 10 relẹ̀ ju ti inú lọ. Ẹ má fi sìmẹ́ńtì dí ẹ̀bá páìpù, torí páìpù ń gùn, ó ń kúrú, ẹ̀rọ náà sì ń gbọ̀n, ìlà á yọ láàárín wọn. Ẹ fi àlàfo mìlímítà 6 sílẹ̀ yí i ká, ẹ ki okùn fóòmù sí i, kí ẹ sì fi sílántì bò ó. Ẹ gbé ẹ̀rọ lé rọ́bà tó ń gba ìgbọ̀n, ẹ fi wáṣà tó ń ta sábẹ́ nọ́ọ̀tì. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tó ti ń ṣiṣẹ́, ẹ tún nọ́ọ̀tì gbogbo yẹ̀ wò, kí ẹ sì wo ẹ̀yìn ògiri nínú ilé lẹ́yìn òjò ńlá àkọ́kọ́, bóyá àmì ọ̀rinrin yọ ní ìbámu pẹ̀lú ihò kankan. Bí ó bá yọ, sílántì òkè ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò.